Ẹ Dé Àdúgbò Kí Ọlọ́pàá Tó Dé

Iṣẹ́ tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún akọ̀ròyìn tuntun ni pé kó tú ìwé ìròyìn wa ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn wò. Ìgbà mélòó la dárúkọ àdúgbò àwọn Latino, ìyẹn àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Latin America wá, láìjẹ́ pé ọlọ́pàá, ìbọn tàbí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú wà níbẹ̀? Èsì rẹ̀ máa ń dùn mí.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dé Little Village, àdúgbò àwọn ará Mexico ní Chicago, á rí i pé ọjà ńlá ni 26th Street: ilé búrẹ́dì, ṣọ́ọ̀bù aṣọ quinceañera tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 15 fún ọmọbìnrin, ibi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ sílé ní Mexico. Ìròyìn ọrọ̀ ajé ni gbogbo rẹ̀. Akọ̀ròyìn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ìbọn bá dún nìkan ló ń yọjú, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?

Ẹ wo ìwé ìròyìn Los Angeles Times. Ruben Salazar ló ń kọ̀wé níbẹ̀ nípa àwọn Chicano, ìyẹn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Mexico wá, títí di 29 oṣù kẹjọ ọdún 1970, nígbà tí agolo tajútajú tí agbófinró yìn pa á lẹ́nu iṣẹ́ ní East Los Angeles. Ní 1983, àwọn akọ̀ròyìn àti olóòtú ibẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Latino kọ ìròyìn lọ́tùn-ún lósì nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn wọn ní gúúsù California. Ìròyìn náà gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, ní 1984. Ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ wò níbẹ̀. Ọmọ àdúgbò mọ àgbà tó yẹ ká kọ́kọ́ kí.

Títúmọ̀ ìròyìn sí èdè Sípéènì dára, àmọ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Latino, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà. Wọn kì í sì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo: ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ará Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, láti 1917, kí wá ni ti ìwé ìgbélùú?

Ẹ tún ṣọ́ orúkọ. Gabriel García Márquez, òǹkọ̀wé ọmọ Colombia: García ni ti bàbá, Márquez ni ti ìyá. Ẹni tó pè é ní Márquez lásán ti ṣì í pè. Ní èdè Sípéènì, año ni ọdún. Yọ àmì orí n rẹ̀, ó di ihò ìdí. Àwa tí a mọ ohun tó wà láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Mo máa ń ní kí akọ̀ròyìn mi kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó fi han onítọ̀hún, kó tó dìde níwájú rẹ̀.