Tawaqquf: ọ̀rọ̀ kan láàárín ẹfolúṣọ̀n àti Ànábì Ádámọ̀

Bí ẹnìkan bá ti dárúkọ ẹfolúṣọ̀n láàárín Mùsùlùmí, kì í pẹ́ tí ẹlòmíì á fi bi í pé, "Ṣé ọ̀bọ ló bí baba ńlá tìrẹ ni?" Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbé ọ̀rọ̀ ẹfolúṣọ̀n kalẹ̀, ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1859. Ohun tó sọ ni pé ohun ẹlẹ́mìí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Ẹ wo kòkòrò àrùn: a da oògùn bò ó, ọ̀pọ̀ kú, ìwọ̀nba tí oògùn ò ràn yè, àwọn yẹn ló sì ń bí sí i. Nígbà tó bá yá, oògùn náà ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ti ẹranko kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Súúrà An-Núúr sọ pé omi ni Ọlọ́hun fi dá gbogbo abẹ̀mí, èyí tó ń fi àyà fà, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, èyí tó ń fi mẹ́rin rìn. Kò sọ iye ọdún tó gbà. Ọ̀dọ̀ Ànábì Ádámọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Súúrà Āl-'Imrān, aayah 59, fi Ànábì Íísà wé e: erùpẹ̀ ni Ọlọ́hun fi dá Ádámọ̀, Ó ní "Jẹ́ bẹ́ẹ̀", ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Íísà ò ní bàbá. Ádámọ̀ ò ní bàbá, kò ní ìyá.

Àwọn kan torí èyí kọ ẹfolúṣọ̀n látòkè délẹ̀. Lọ́dún 2017, ìjọba Tọ́kì kéde pé àwọn á yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé girama. Àwọn kan gbà á fún ẹranko, wọ́n yọ ènìyàn sílẹ̀. Àwọn mìíràn gbà á tán, wọ́n ní àkàwé lásán ni ìtàn Ádámọ̀. Aayah 59 yẹn ni kò jẹ́ kí tiwọn wọ̀ mí létí.

Tawaqquf gba ibòmíràn. Ẹni tó mọ kéú kà mọ wáqfù, àmì kékeré tó ń sọ fún ọ pé kí o dúró. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni tawaqquf ti wá: kí o dúró níbi tí ẹ̀rí bá dúró sí. David Solomon Jalajel, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan, ló mú un wọ inú ọ̀rọ̀ ẹfolúṣọ̀n. Kùránì ní Ádámọ̀ ò ní òbí, a gbà. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn ẹ̀dá tó jọ ènìyàn ti wà láyé kó tó dé? Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ nínú wọn? Kùránì ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń wa egungun àtijọ́ lè máa wa egungun rẹ̀ lọ láìbá aayah kankan jà.

Àwọn kan ní ọgbọ́n àtisá fún ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n á ka Súúrà An-Nisā' sí ẹni tó bá di tawaqquf mú létí, pé ara ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wa ti wá. Èsì ọ̀rọ̀ wọn kò le: bí mo bá ní ọmọ-ọmọ bàbá kan ni mí, n kò sọ pé ìyá mi ò ní bàbá tirẹ̀.