Ta ni ọkọ, ta ni ìyàwó? Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ "jẹ́ńdà" gbà dé ẹnu wa

Ní agboolé wa nítòsí Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀, "ọkọ mi" ni gbogbo ìyàwó ilé ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí àwa ń pè ní Màmá. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ilé bàbá Màmá ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ìyàwó tó bá wọlé lẹ́yìn wọn, ọkọ ló bá nílẹ̀. Àmọ́ bí Màmá bá ti kọjá sí Mòdákẹ́kẹ́, nílé ọkọ tiwọn, àwọn náà ti di ìyàwó nìyẹn. Títí dòní, wọn ò jẹ́ pe orúkọ àbúrò ọkọ wọn kan tí wọ́n bá nílé, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè é. Fọkanáísà ni ọkùnrin ọ̀hún o, kò sí ìwé kan tó ń kọ.

Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ló bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni Yorùbá ń pe jẹ́ńdà, ìyẹn "gender" tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Mo ní akọ àti abo. Ó ní ewúrẹ́ náà ní akọ, ó ní abo, pé ìyẹn kọ́ lòun ń bèèrè. Ó mú mi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Kò bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn rárá. Látìn ló ni "genus", tó túmọ̀ sí irú tàbí ẹ̀yà. Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di "gendre", Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ gírámà ló ń ṣe jù, nítorí àwọn èdè kan ń pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí akọ àti abo. Lédè Faransé, abo ni tábìlì, akọ ni ìwé. Bó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí.

Ọdún 1955 ni John Money, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Johns Hopkins nílùú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, fà á kúrò nínú gírámà. Àwọn ọmọ tí ojú ara wọn ò fi hàn gbangba bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin ló ń ṣèwádìí lé lórí. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ bí ẹnì kan ṣe ń ṣe láwùjọ, yàtọ̀ sí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ní 1964, Robert Stoller àti Ralph Greenson ní Los Angeles wá fi "gender identity" kún un, ìyẹn ohun tí ẹnì kan mọ ara rẹ̀ sí nínú ọkàn. Èmi ò ní fi Money yangàn ṣá. Ọmọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ abẹ bà á lára jẹ́ ní kékeré, Money ní kí wọ́n máa tọ́ ọ bí obìnrin. Nígbà tí ọmọ náà bàlágà, ó kọ̀ ọ́, ó padà sí ọkùnrin. Ọkùnrin ló mọ ara rẹ̀ sí, láìka bí wọ́n ṣe tọ́ ọ.

Àwọn ará Jámánì ti ṣáájú wọn nínú wíwá orúkọ fún ẹni tí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí yàtọ̀ sí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Dókítà kan, Magnus Hirschfeld, dá ilé ìwádìí nípa ìbálòpọ̀ sílẹ̀ ní Berlin ní 1919, òun ló sì kọ́kọ́ lo "transsexualismus" nínú ìwé ní 1923. Ní 1933, àwọn Násì kó ìwé ilé náà jáde, wọ́n dáná sun ún. "Transgender" jáde lọ́wọ́ dókítà Amẹ́ríkà kan, John Oliven, ní 1965. "Cis", fún ẹni tí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí bá bí ara rẹ̀ ṣe rí mu, ló dé gbẹ̀yìn, láàárín 1990 sí 1999. Látìn náà ni: "trans" ni ìhà ọ̀hún, "cis" ni ìhà ìhín. Bí o bá dúró létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, tí o ò sọdá, ìhà ìhín lo wà. Kò sí èébú níbẹ̀ rárá, bí àwọn kan tilẹ̀ ń bínú sí i.

Àwa ńkọ́? "Ó" kan náà la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti àgùntàn. Ohun tí èdè wa ń bèèrè ni ẹni tó dàgbà, kó lè mọ̀ bóyá "ó" ni àbí "wọ́n". "Ọba" náà ò béèrè akọ tàbí abo. Obìnrin ni Lúwo, Ọọ̀ni sì ni, kì í ṣe olorì. Òun ni Ifẹ̀ gbà pé ó fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú. Ní 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ọ́ pé ipò àgbà ló ń tò wá láwùjọ kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó sọ òdodo nípa èdè. Ṣùgbọ́n Orò ti ń ké kí òyìnbó tó dé, obìnrin ló sì ń sá wọlé. Èmi ò lè gbàgbé ìyẹn.

Akọ àti abo tí mo sọ fún àbúrò mi ńkọ́? Mo fura pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbé e. Nínú Bíbélì tí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884, "akọ ati abo li o dá wọn" ni wọ́n kọ sí Jẹ́nẹ́sísì. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹran ni wọ́n fi sọ ti ènìyàn. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń kọ "ìṣakọṣabo", àwọn oníròyìn rédíò ń wí "jẹ́ńdà". Àbúrò mi ò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Irú ẹni tí ènìyàn mọ ara rẹ̀ sí" ló kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó gùn, àmọ́ ó yé mi.

Ó kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní ta lẹni yẹn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹnì kan lè wà tí wọ́n bí lọ́kùnrin, tó sì jẹ́ pé obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n fẹ́ pàǹtí inú ẹ̀wà náà dànù.

"Ṣé ó jù mí lọ ni, àbí èmi ni mo jù ú lọ?"