Ọ̀wọ́ Ẹyẹ Kò Nílò Ọba

Bí ìrẹsì bá ti ń gbó lóko ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì, àwọn ọmọdé ni wọ́n máa ń fi agolo àti ariwo lé ẹyẹ. Nígbà tí ọ̀wọ́ ẹ̀gà bá gbéra, tí gbogbo wọn sì yí sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé, àwọn àgbà a máa sọ fún ọmọ tó mú kànnàkànnà lọ́wọ́ pé kí ó fojú sun èyí tó wà níwájú, nítorí òun ni ọba wọn, bí ó bá sì ti já lulẹ̀, àwọn yòókù yóò tú ká. Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkò mi kò ba ọba kankan rí.

Ìrìn àjùmọ̀rìn bẹ́ẹ̀ kò nílò ọba. Ní ọdún 1995, Tamás Vicsek, onímọ̀ físíìsì ará Họ́ngárì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àmì tóótòòtó sínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá rìn láìdúró. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn: kí kálukú wo ibi tí àwọn tó yí i ká kọjú sí, kí ó sì gba ìpíndọ́gba ọ̀nà wọn, pẹ̀lú àṣìṣe díẹ̀. Nígbà tí wọn kò pọ̀, tàbí tí àṣìṣe náà pọ̀, ńṣe ni wọ́n ń rìn gbéregbère; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pọ̀ dé ìwọ̀n kan lójú kan náà, gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan. Vicsek rò pé díẹ̀díẹ̀ ni ìṣọ̀kan náà ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2004, onímọ̀ físíìsì méjì mìíràn, Guillaume Grégoire àti Hugues Chaté, fi hàn pé òjijì ni ìṣọ̀kan náà ń dé, bí omi tí ń di yìnyín, tí kì í rọra ki bí ẹ̀kọ orí iná: yóò máa tutù, omi náà ni, títí yóò fi dì.

Ní 2006, àwọn olùwádìí mìíràn kó ọmọ eṣú tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ sínú ọgbà róbótó kékeré kan. Eṣú 7 sí ìsàlẹ̀ kò fìmọ̀ ṣọ̀kan. Láti 10 dé 25, wọ́n ń tò lọ, àmọ́ gbogbo wọn a ṣàdédé yíjú padà. Nígbà tí wọ́n ju 30 lọ, wọn kò yà kúrò lọ́nà kan mọ́. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé èyí tó wà lẹ́yìn máa ń gé tiwájú jẹ. Ẹ wo olórí tí ń sá fún eyín ọmọlẹ́yìn rẹ̀!

Ní ti ẹyẹ, àwọn tó ya àwòrán ọ̀wọ́ wọn ní ìlú Róòmù rí i pé 6 tàbí 7 tó sún mọ́ ẹyẹ kan jù lọ ló ń wò. Nítorí náà, bí ọ̀wọ́ bá yí sọ́tùn-ún, tí kálukú yí láyè ara rẹ̀, èyí tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ ti di ará ẹ̀gbẹ́ kí òkò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.