Ta ló fi ìwé ìròyìn sínú ìdánwò iṣẹ́ ìjọba Íńdíà?

Ní Mukherjee Nagar àti Old Rajinder Nagar, àdúgbò méjì ní Delhi tó kún fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń ṣínu. Wákàtí méjì, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ka The Hindu tàbí The Indian Express lójoojúmọ́. Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fi ìbéèrè oní-A-B-C-D dán ara wọn wò. Bí ẹ bá béèrè ìgbà tí àṣà kíka ìwé ìròyìn láti fi kọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ (current affairs) yìí bẹ̀rẹ̀, ọdún 1979 ni ọ̀pọ̀ yóò dá yín lóhùn, ọdún tí ìdánwò àkọ́kọ́ dé, èyí tí wọ́n fi ń jọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Èmi ò gbà. Àṣà yìí ti dàgbà kí 1979 tó dé, àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ló sì ni ín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Girnar, ní Gujarat. Àpáta ńlá kan wà níbẹ̀ tí Ọba Ashoka kọ àṣẹ rẹ̀ sí lára ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Nínú àṣẹ kẹfà, ó ní láyé àtijọ́, wọn kì í mú ìròyìn wá bá ọba nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n òun ti pàṣẹ pé kí àwọn aròyìn òun máa wá nígbàkigbà, ì báà jẹ́ pé òun ń jẹun, ì báà jẹ́ pé òun wà lọ́dọ̀ àwọn aya òun, ì báà jẹ́ pé òun wà nínú ọgbà, kí wọ́n wá ro ẹjọ́ ará ìlú fún òun. Pativedaka ni wọ́n ń pe àwọn aròyìn náà. Àpáta kò sọ bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ọba tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dínà ìròyìn, ṣé ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni yóò fi ṣe aròyìn? Lọ́kàn tèmi, kò ní ṣàìjẹ́ pé wọ́n ń bi ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ ìlú: èwo nínú odò ló kún, ìlú wo ló ń bá ìlú wo jà, kí ni wọ́n ń ráhùn sí lọ́jà. Mi ò rí i kà níbì kankan, àmọ́ ìrònú mi kò lè gba ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí ó di ayé àwọn ọba Mughal, iṣẹ́ ìròyìn ti di iṣẹ́ akọ̀wé. Akọ̀wé 14 ni Akbar yàn sí ààfin rẹ̀, méjì á máa jókòó lójúmọ́, wọ́n á máa kọ gbogbo ohun tí ọba sọ àti ohun tí ó ṣe. Waqia-navis ni orúkọ irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún rán wọn lọ sí àwọn ìgbèríko kí wọ́n máa kọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọba Rajput ti ìwọ̀-oòrùn àríwá Íńdíà náà kò sùn. Wọ́n fi aṣojú tiwọn sí ààfin Mughal, kí ó máa kó ìròyìn ibẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Akhbarat ni wọ́n ń pe àwọn ìwé náà, wọ́n sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìtàn ní Bikaner títí di òní.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí àwa Yorùbá ní ìpín níbẹ̀. Èdè Lárúbáwá ló ni khabar, ìròyìn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìròyìn bá pọ̀, ó di akhbar. Ẹni tó ń sọ Hindi tàbí Urdu, akhbar ló ń pe ìwé ìròyìn títí dòní. Ọ̀rọ̀ kan náà gba aṣálẹ̀ kọjá wọ ilẹ̀ Haúsá, ó di labari, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó di làbárè. Bí àgbàlagbà kan bá bi àlejò rẹ̀ ní Ìlọrin pé làbárè wo ló mú bọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti akhbar tí ọmọdékùnrin kan ń rà láàárọ̀ ní Delhi. Orúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ fúnra rẹ̀ lédè Hindi ni samsamayiki: sama ni ọgbọọgba, samay ni àkókò. Ohun tó bá wa rìn ní àkókò kan náà nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju èyí tí òyìnbó ń pè é lọ.

Nígbà tí àwọn òyìnbó East India Company, ilé iṣẹ́ òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ilẹ̀ náà, wọn kò fi tìròyìn ṣe bí wọ́n bá ń gba òṣìṣẹ́. Ẹni tí àwọn ọ̀gá Company bá mọ̀ ni wọ́n ń fi síṣẹ́. Òfin 1853 ló fòpin sí èyí. Ìgbìmọ̀ Macaulay jókòó ní 1854 láti ṣètò ìdánwò, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1855. Ẹ wo máàkì tí ìgbìmọ̀ náà pín: Gíríkì 750, Látìn 750, Sanskrit 375, Lárúbáwá 375. Èdè àwọn tó ti kú sí Róòmù níye lórí ní ìlọ́po méjì ju èdè ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ ṣàkóso. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ kò ní ìwé ìbéèrè kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, Satyendranath Tagore yege ní 1863, òun sì ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí mo gbé àga fún nínú ìtàn yìí ni Surendranath Banerjea, ará Kolkata. Ó yege ní 1869, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí dí i lọ́wọ́, ó jà á títí tó fi wọlé. Ní 1874 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí àṣìṣe tí kò tó nǹkan. Ní 1876, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù dín ọjọ́ orí àwọn olùdánwò kù láti 21 sí 19. Ọmọ Íńdíà tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ jókòó síwájú ìwé Látìn, ta ni yóò bá a múra tán kó tó di ọmọ ọdún 19? Banerjea gbéra ní 1877, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, Lahore, Delhi, Allahabad, Lucknow, ó ń pe èèyàn jọ lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò yìí. Ní 1879, ó gba ìwé ìròyìn The Bengalee, ó di olóòtú. Ìdánwò iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ wá di ìròyìn ojú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ orí òun ṣì bá a mu, inú ìwé ìròyìn ni yóò wò.

Láàárín ọdún méjì yẹn náà, ní 20 Oṣù Kẹsàn-án 1878, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà ní Madras yá rúpìì kan àti ánà méjìlá, wọ́n fi tẹ ẹ̀dà 80 ìwé ìròyìn tí wọ́n pè ní The Hindu. Àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó ń bú T. Muthuswamy Iyer nítorí pé ọmọ Íńdíà ni, wọ́n sì fi í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Èyí ló bí àwọn ọ̀dọ́ náà nínú. Méjì nínú wọn jẹ́ olùkọ́, mẹ́rin jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ibí yìí gan-an ni mo ti rí ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló dá a sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ipò ìjọba, fún irú èèyàn bíi tiwọn láti kà. Mo máa ń ronú sí ẹ̀dà 80 yẹn. Ó dájú lójú mi pé ẹ̀dà kan kò ní dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Yóò lọ láti yàrá dé yàrá, ẹnì kan á máa kà, àwọn tó kù á máa jiyàn. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gé ọ̀rọ̀ tó wù ú níbẹ̀ lẹ́ mọ́ ìwé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Delhi lónìí.

Àwọn kan sọ pé Ṣáínà ló ni àṣà yìí, torí pé àwọn ọba ibẹ̀ ń bi olùdánwò léèrè ọ̀rọ̀ ìjọba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kan ìwé ìròyìn. Àwọn kan dárúkọ Hicky, òyìnbó tó tẹ ìwé ìròyìn ní Kolkata ní 1780. Ẹ̀rọ ló mú wá. Ìròyìn ti wà nílé. Àwọn tó kù di ìgbìmọ̀ Stanley Leathes ti Lọ́ńdọ̀nù mú, tó dábàá ní 1917 pé kí ìwé ìbéèrè kan wà lórí ọ̀rọ̀ àwùjọ, ọrọ̀ ajé àti òṣèlú ìgbà náà, tí wọ́n sì fi í sínú ìdánwò ní àwọn ọdún 1920. The Hindu ti ń jáde lójoojúmọ́ láti 1889. Lọ́ńdọ̀nù dé ọjà nígbà tí àwọn èèyàn ti ń di ẹrù wọn.

Ìyókù kò le. Ní 1922 ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ sí wáyé ní Íńdíà fúnra rẹ̀. Àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ dé ní 1926, ó di UPSC ní 1950. Ìgbìmọ̀ Kothari ló mú ìdánwò àkọ́kọ́ wá ní 1979. Àròkọ dé ní 1993, máàkì tí wọ́n ń yọ fún ìdáhùn tó kùnà dé ní 2007, ìwé ìbéèrè mẹ́rin lórí ìmọ̀ gbogboogbò dé ní 2013. Ìwé ìròyìn Yojana, tí ìjọba ń tẹ̀ láti 1957, àti àtẹ̀jáde PIB, àjọ tó ń gbé ìròyìn ìjọba jáde, ti wà lórí fóònù báyìí. Ìbéèrè 100 ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́ ti ìdánwò àkọ́kọ́, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun tó sì wà lókè pátápátá nínú ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà àti lágbàáyé. Ní 2023, ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni kò béèrè pé gbólóhùn wo ló tọ̀nà, mélòó ló tọ̀nà ni wọ́n béèrè, nítorí náà ẹni tó mọ méjì nínú mẹ́ta kò lè fi ọgbọ́n ṣà á yọ.