Ẹṣin Ààyò: Bí A Ṣe Ń Wọn Ìrètí Ẹṣin Tí Owó Pọ̀ Jù Lórí Rẹ̀

Nínú eré ẹṣin, ẹṣin ààyò ni ẹṣin tí odds rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ń sọ iye tí tẹ́tẹ́ yóò san bí ó bá borí, kéré jù lọ láàárín gbogbo àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ sáré. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó yàn án sí ipò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá nítorí pé ó ti borí rí. Owó tí àwọn ènìyàn kó lé e lórí ni ó sọ ọ́ di ààyò. Bí owó bá ṣe ń wọlé sórí ẹṣin kan ni àwọn tí ń gba tẹ́tẹ́ máa ń fa odds rẹ̀ wálẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹṣin kan ṣoṣo kó gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò wọn lọ bí ó bá gbégbá orókè. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún wa pé ẹṣin báyìí ni ààyò, ibi tí owó wà ni ó sọ fún wa, ó sì kù sí wa lọ́wọ́ láti wádìí bóyá owó náà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ó yẹ kí n ya ohun kan sọ́tọ̀ kí á tó tẹ̀ síwájú, pàápàá jù lọ fún àwa tí a ń gbé Òṣogbo. Ẹṣin tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò lójú ẹ̀rọ ní àwọn ilé tẹ́tẹ́ Ìgbọ̀nà àti Ọlá-Ìyá, tí eré kan kì í tíì tán tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹṣin ẹlẹ́mìí. Kọ̀ǹpútà ni ó ń fa nọ́ńbà yọ, àwòrán ẹṣin sì ń sáré tẹ̀lé ohun tí nọ́ńbà náà ti pinnu. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò ní baba, kò ní ìyá, kì í rẹ̀ ẹ́, òjò kì í pa pápá rẹ̀, ẹni tí ó sì gùn ún kò lè ṣì í gùn. Ẹni tí ó bá mú bírò àti ìwé, tí ó ń ṣírò èyí tí ó borí lẹ́ẹ̀mẹta tí ó kọjá kí ó lè mọ èyí tí yóò borí báyìí, ó kàn ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni. Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe yìí kan ẹṣin tí ń jẹ koríko nìkan.

Eré tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Derby tí wọ́n ń sá ní Epsom, ìlú kan tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1780. Eré orí pápá ni, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹṣin kì í fo ọgbà tàbí kòtò kankan, ó kàn ń sáré títí dé òpin ni. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 2,400, ẹṣin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nìkan ni ó sì lè sá a. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń ní àǹfààní yìí láyé rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó tíì sá Derby rí nínú àwọn tí a fẹ́ yàn láàárín wọn. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa wọn, ibòmíràn ni a ti mọ̀ ọ́n.

Kí á wá bọ́ sórí nọ́ńbà. Ní àwọn ilé tẹ́tẹ́ wa níbí, bí 2.50 ni a máa ń rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 6/4 ni wọ́n ń kọ, ọ̀kan náà sì ni méjèèjì. 6/4 ń sọ pé ẹni tí ó bá fi náírà mẹ́rin ta tẹ́tẹ́ yóò jẹ èrè náírà mẹ́fà, yóò sì gba náírà mẹ́rin rẹ̀ padà. 2.50 ń sọ pé ₦1,000 yóò di ₦2,500 bí ẹṣin náà bá borí. Láti mọ ìrètí tí ó fara pamọ́ sínú nọ́ńbà yìí, a óò fi odds náà pín 100. Bí a bá fi 2.50 pín 100, 40 ni yóò fún wa. Ohun tí odds náà ń wí ni pé bí a bá lè sá eré yìí kan náà nígbà 100, ẹṣin náà yóò borí nígbà 40, ẹlòmíràn yóò sì borí nígbà 60.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Arákùnrin kan na tikẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí mi ní ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ kan ní Òkè-Fìà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ààyò ni, 2.50. Ó ti wọlé.” Mo bi í pé nínú ìgbà mẹ́wàá, ìgbà mélòó ni ó rò pé ẹṣin náà yóò borí. Ó ní, “Mẹ́sàn-án, sà.” Mẹ́rin ni ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tí ó mú lọ́wọ́ ń sọ. Ààyò ni ẹṣin tí ó ṣeé ṣe kí ó borí ju ẹnikẹ́ni nínú àwọn yòókù lọ bí a bá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí a bá kó àwọn yòókù pọ̀ sí ọ̀nà kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n borí rẹ̀ ju kí ó borí wọn lọ. Nínú eré orí pápá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni ẹṣin ààyò ń borí.

40 tí a rí yẹn pàápàá kò pé. Ẹni tí ó bá ti ra gàrí ní ọjà Ìgbọ̀nà mọ̀ pé kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kò lè gba iye tí kọ́ńgò pípé ń gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye owó kan náà ni a san. Àwọn tí ń gba tẹ́tẹ́ náà ti lu ìdí odds wọnú. Kí á sọ pé ẹṣin márùn-ún ni yóò sáré, tí odds wọn sì jẹ́ 2.50, 4.00, 5.00, 6.00 àti 10.00. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín 100, a óò rí 40, 25, 20, 16.7 àti 10. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 111.7 ni wọ́n jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹṣin kan ṣoṣo ni yóò borí, ìrètí gbogbo wọn kò sì lè ju 100 lọ. 11.7 tí ó lé yẹn ni ìdí kọ́ńgò. Bí a bá pín 40 pẹ̀lú 111.7, tí a sì sọ ọ́ di ìdá nínú 100, ìrètí ààyò náà já sí nǹkan bí 36. Ẹni tí ó bá fi ₦1,000 ta tẹ́tẹ́ lórí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nígbà 100 ti ná ₦100,000. Bí ó bá borí nígbà 36, ₦90,000 ni yóò padà wá. Ààyò tó ń borí déédéé sì lè kó ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀ sí gbèsè.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ń wọn ẹṣin ààyò bi ara rẹ̀, nítorí náà, ni bóyá ìrètí ẹṣin yìí ju èyí tí odds rẹ̀ ń sọ lọ. Bí odds bá ní 40, tí ìwádìí wa sì ní 45, owó wà níbẹ̀. Bí ìwádìí wa bá ní 35, ẹṣin náà lè jẹ́ èyí tí ó dára jù lọ nínú eré náà kí ó má sì yẹ láti ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń rí 45 tàbí 35 yẹn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú Derby ni gígùn eré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, eré kan wà ní Newmarket tí wọ́n ń pè ní 2000 Guineas, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 1,600, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì lọ tààrà. Ẹṣin tí ó bá borí níbẹ̀ sábà máa ń di ààyò fún Derby ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé ojú gbogbo ènìyàn ni ó ṣe borí. Àmọ́ mítà 800 tí ó kù kì í ṣe kékeré. Ẹṣin tí eré sísá rẹ̀ yá kánkán lè máà ní èémí tí yóò gbé e dé òpin, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ dájú títí yóò fi dé ibẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń wò ni ìdílé rẹ̀, bóyá baba àti ìyá rẹ̀ bí ọmọ tí ń sá eré gígùn, àti bí ó ṣe ń parí eré, bóyá ó ń sún mọ́ àwọn yòókù ní òpin ni àbí ṣe ni wọ́n ń sún mọ́ ọn.

Ẹ wo ẹṣin kan tí ń jẹ́ Dawn Approach: kò tíì pàdánù eré kankan rí nígbà tí ó dé Epsom ní 2013. Ó ti borí nínú 2000 Guineas, baba rẹ̀, New Approach, sì ti borí nínú Derby ní 2008. Odds rẹ̀ jẹ́ 5/4, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 44 nínú 100. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń bá agẹṣin rẹ̀ fa ìjánu, ó fẹ́ sáré lọ kí àkókò tó tó, ó sì lo agbára rẹ̀ tán kí ó tó dé òpin; òun ni ó gbẹ́yìn nínú ẹṣin méjìlá. Nínú oṣù yẹn kan náà, ó padà sí eré mítà 1,600 ní Ascot, ó sì borí. Ìdílé rẹ̀ pé, ara rẹ̀ le, ìwà rẹ̀ ni kò bá eré gígùn mu. Ní 2018, Saxon Warrior náà wá láti 2000 Guineas pẹ̀lú odds 4/5, ó sì ṣe ipò kẹrin. Masar, tí ó ṣe ipò kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ní Newmarket, ni ó borí pẹ̀lú odds 16/1. Síbẹ̀, kí á má baà rò pé ọ̀fìn ni gbogbo ààyò tí ó bá gba ọ̀nà yìí wá, Camelot borí méjèèjì ní 2012, ó sì fi gígùn ẹṣin márùn-ún borí ní Epsom.

Pápá Epsom fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìdánwò mìíràn. Ẹṣin yóò kọ́kọ́ gun òkè, yóò wá sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé kọ̀rọ̀ Tattenham, yóò sì ṣẹ́rí sí apá òsì, lẹ́yìn náà ni yóò dojú kọ ọ̀nà òpin tí ilẹ̀ rẹ̀ dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù, tí kò mọ bí a ti ń ká ara kò, lè ṣubú sẹ́yìn níbẹ̀ láìka bí ó ti lágbára tó. Ilẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀ ń yí ìṣirò padà pẹ̀lú: ní Longchamp ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2019, ẹṣin Enable, tí ó ti borí nínú eré Prix de l'Arc de Triomphe lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, pàdánù sí ọwọ́ Waldgeist lórí ilẹ̀ tí ó ti rọ̀ gan-an.

Ohun kejì tí ó ń ba odds ààyò jẹ́ kò sí lára ẹṣin rárá. Ní 2011, Carlton House, ẹṣin Ọbabìnrin Elizabeth, ni ààyò, odds rẹ̀ sì jẹ́ 5/2. Ọbabìnrin náà kò tíì gba Derby rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ kí ó gbà á. Owó ìfẹ́ àti owó ìmọ̀ kì í yàtọ̀ síra wọn nígbà tí wọ́n bá ti wọnú àpò kan náà. Méjèèjì ni ó ń fa odds wálẹ̀. Ipò kẹta ni ẹṣin náà ṣe.

Ẹ̀wẹ̀, a gbọ́dọ̀ wo bí àwọn yòókù yóò ṣe sáré. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní 2020, Serpentine, tí odds rẹ̀ jẹ́ 25/1, bọ́ síwájú ní kùtùkùtù eré, ṣùgbọ́n àwọn agẹṣin tí ó wà lẹ́yìn kò wò ó sáré. Wọ́n rò pé yóò rẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó jìnnà. Kò rẹ̀ ẹ́. Aidan O'Brien tí ó kọ́ ẹṣin náà máa ń mú ẹṣin púpọ̀ wá sí eré kan náà, owó sì máa ń ṣàn sórí èyí tí wọ́n gbà pé òun gan-an fẹ́ràn jù. Síbẹ̀, Serpentine àti Wings of Eagles, tí ó borí ní 2017 pẹ̀lú odds 40/1, ilé rẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Àwọn ọdún kan wà tí odds kéré tí ẹṣin náà sì tún ju odds rẹ̀ lọ. Shergar ni mo máa ń rántí: ní 1981, 10/11 ni odds rẹ̀, nǹkan bí 52 nínú 100, ó sì fi gígùn ẹṣin mẹ́wàá borí, èyí tí kò sí ẹṣin mìíràn tí ó tíì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Derby. Àwọn tí wọ́n wò ó dáadáa nínú eré tí ó sá ṣáájú rí i pé ìrètí rẹ̀ ju 52 lọ. City of Troy ni òdìkejì rẹ̀ ní ti bí ọjà ṣe ń rò. Ní oṣù Karùn-ún 2024, òun ni ààyò nínú 2000 Guineas, odds rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èrè rẹ̀ kò tó owó tí a fi ta á. Ipò kẹsàn-án ni ó ṣe. Nígbà tí ó dé Epsom ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òun náà ṣì ni ààyò, ṣùgbọ́n odds rẹ̀ ti gòkè dé 3/1, èyí tí ó ń wí pé ìrètí rẹ̀ jẹ́ 25 nínú 100. Ẹṣin kan náà ni, ìdílé kan náà, olùkọ́ kan náà. Ọjọ́ burúkú kan ni ó wà láàárín. Ó borí. Ẹni tí ó ti kọ iye tirẹ̀ sílẹ̀ fún un kí eré Newmarket tó bà á lójú jẹ́ ni ó lè sọ bóyá 3/1 náà pọ̀ tàbí ó kéré.