Ẹ Yẹ Ẹ́ábáàgì Wò Kí Owó Tó Jáde

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń fi ọkọ̀ ayára-bí-àṣá ránṣẹ́ sílé, pàápàá tí Kérésì bá ń bọ̀, a sì ń rí wọn ní Fájúyì, ní Àdó-Èkìtì níbí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi èmi mẹkáníìkì ni pé ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ẹ́ábáàgì ni, àpò tó máa ń wú jáde níwájú èèyàn tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kó má baà ṣèṣe.

Òfin ààbò ọkọ̀ le ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí kò bá a mu kì í wọlé wẹ́rẹ́, àfi tó bá ti pé ọdún 25. Bill Gates pàápàá, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, Porsche 959 rẹ̀ há sọ́wọ́ aṣọ́bodè fún ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kì í bá Tòkunbọ̀ dé wáàfù tiwa. Ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan lọ́hùn-ún, wọ́n á tà á ní gbàǹjo, wọ́n á nà án, wọ́n á kùn ún, á máa dán gbinrin. Ẹ́ábáàgì tó ti bẹ́ ńkọ́? Tuntun wọ́n. Mo ti ṣí ojú sítíárì kan rí tó jẹ́ pé ihò lásán ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Gúlúù ni wọ́n fi lẹ ìdérí rẹ̀.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì sítáàtì. Iná pupa kékeré tó ní àwòrán ẹni tó jókòó, tí bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀, gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú láìpẹ́. Tí kò bá kú, àléébù wà. Tí kò bá tilẹ̀ tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀. Ìyẹn ló burú jù.

Ti ẹ́ábáàgì tí Takata, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan, ṣe tún yàtọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ọlọ́dún pípẹ́ ló ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́, tí agolo irin rẹ̀ á fi fọ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá, tí àfọ́kù rẹ̀ á fò lu awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Ẹ sì mọ bí ojú ọjọ́ Èkìtì ṣe rí. Ferrari, BMW àti McLaren wà lára àwọn tó pe ọkọ̀ wọn padà nítorí rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ gba nọ́ńbà ṣásí rẹ̀, ẹyọ 17, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Tí àtúnṣe bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ sọ fún ọmọ yín kó gbé e lọ ṣe kó tó gbé ọkọ̀ náà sórí omi.