Owó tí a kò rí mọ́ kọ́ ni owó tí wọn ò ná mọ́

Lóṣù Dísẹ́ńbà 2024, mo lọ ra èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo na owó sí ìyá tó ń tà á. Ẹgbẹ̀rún kan náírà méjì wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti àtijọ́, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù tó dé láìpẹ́ yìí. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n sì yọ méjèèjì padà fún mi.

"Bá mi wá tuntun, ọmọ mi. Wọ́n ní bí oṣù yìí bá ti parí, wọn ò ní ná an mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Mà?"

"Gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́."

Wọ́n fi ike owó wọn hàn mí. Wọ́n ti ṣa ti àtijọ́ lọ́tọ̀, wọ́n fi rọ́bà dì í. Wọ́n ní ọ̀la àwọn ò ní pàtẹ, àwọn máa lọ tò sí báńkì kí ọjọ́ tó pé. Odindi ọjọ́ ọjà kan ni wọ́n fẹ́ pàdánù nítorí irọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù náà ní orísun. Ní ìparí 2022, báńkì àpapọ̀ gbé ẹ̀dà tuntun igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan jáde, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n má ná ti àtijọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Mẹ́ta 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí wọ́n ṣì máa ná igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan ti àtijọ́ títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún náà. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, ilé-ẹjọ́ kan náà tún sọ pé kí níná rẹ̀ máa bá a lọ, títí ìjọba yóò fi jíròrò pẹ̀lú àwọn tọ́rọ̀ kàn. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ ló dé etí ọjà. Èkejì kò dé ibẹ̀ tó. Ìyẹn ni Dísẹ́ńbà ṣe ń gbé ẹ̀rù kan náà wá.

Èdè náà dá kún un. Lórí rédíò, wọ́n á ní owó kan ń "kúrò ní sàkúléṣọ̀n", etí wa á sì gbọ́ "wọn ò ná an mọ́". Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Owó wà ní sàkúléṣọ̀n nígbà tó bá ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́: alélùbọ́ fún awakọ̀, awakọ̀ fún elépo, elépo gbé e lọ sí báńkì, báńkì tún san án fún ẹlòmíì. Tó bá ti gbó, tó ya, báńkì àpapọ̀ á gbà á sílẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á fi tuntun rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà àtijọ́ ṣe ń dínkù nígboro. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lápò rẹ ò tíì kú. Òfin nìkan ló lè sọ pé kí wọ́n má ná owó kan mọ́.

Ẹ wo owó onírin tí wọ́n gbé jáde ní 2007: àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan, náírà méjì. Ta ló tún rí i lọ́jà? Òfin ò fagi lé wọn o. Ọ̀wọ́n ọjà ló lé wọn lọ, torí kò sí ohun tí náírà méjì lè rà.

Ní oṣù Kejì 2023 ńkọ́? Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìyípadà owó náà, tírílíọ̀nù 3.23 náírà ni báńkì àpapọ̀ sọ pé ó wà nígboro, tírílíọ̀nù 2.73 nínú rẹ̀ sì wà níta báńkì. (Ìyẹn ni pé owó tó wà nínú àpótí báńkì gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní owó ìgboro. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Nígbà tí oṣù Kejì fi máa parí, gbogbo rẹ̀ ò tó tírílíọ̀nù kan mọ́. Owó ò sí nílẹ̀, ó sì wọ́n débi pé àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Nígbà tí a ò rí i rárá la wá a jù.

N kò bá àwọn àgbà wí. Wọ́n ti rí owó tó kú lóòótọ́. Lóṣù Kẹrin 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ti ẹnu ibodè, ó pa àwọ̀ owó dà, àkókò kúkúrú ló sì fún aráàlú láti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó kù sábẹ́ ibùsùn di bébà. Buhari kan náà ló wà lórí àlééfà nígbà tí wọ́n kéde ti 2022. Ta ni kò ní fòyà? Ṣùgbọ́n ìkéde ìjọba ni ti 1984, tòun ti ọjọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà.

Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá kọ náírà tó ṣì wà fún níná lè san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. N kò sọ ìyẹn fún ìyá náà, torí n kò fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n. Apá kejì ni mo sọ: pé bí ìjọba bá tiẹ̀ gba owó kan kúrò nílẹ̀ lóòótọ́, òfin náà ní kí báńkì àpapọ̀ ṣì san iye rẹ̀ fún ẹni tó bá mú un wá.

Wọn ò tíì gbà mí gbọ́. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọgọ́rùn-ún náírà méjì nínú ike. Awólọ́wọ̀ wà lára méjèèjì. Ọ̀kan ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà lẹ́yìn, èyí tó jáde ní 2014. Èkejì ò ní in.

"Ọdún kẹwàá rèé tí ẹ ti ń gba méjèèjì pọ̀, Mà."

Wọ́n tẹ́jú mọ́ wọn pẹ́. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún méjì mi, wọ́n tú rọ́bà lára ti àtijọ́, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike, wọ́n sì bu ẹ̀ẹ́nì sórí èlùbọ́ mi.